Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó wà

Ní ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ, èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó bá wá gba irúgbìn àgbàdo sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí mò ń kọ ọ́ sí là ń pè ní ìyá. Kí iṣẹ́ má baà wọ ìyá lọ́rùn jù, wọ́n so kọ̀ǹpútà mìíràn mọ́ ọn, tó ń da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Ọmọ nìyẹn. Ara ọmọ ni wọ́n ti ń ka orúkọ ní fèrèsé kejì, níbi tí wọ́n ti ń pín irúgbìn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, ọmọ a máa pẹ́ lẹ́yìn ìyá: orúkọ á ti wọ ìyá, kò ní tíì dé ara ọmọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbà kan wá láti Ofiki. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, ọkọ̀ tó kó irúgbìn wá yóò sì kó ìyókù lọ lọ́sàn-án. Mo kọ orúkọ wọn, mo rí i pé ó wọlé, mo ní kí wọ́n máa lọ sí fèrèsé kejì. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin tó ń pín irúgbìn:

"Bàbá, ẹ ò sí."

Gbogbo èrò yíjú sí i. Ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà?

"Èmi ni n ò sí?" ni bàbá wí. "Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ o. Ó ń ro ọkà dè mí nílé."

Ọ̀gá wa jáde, ó ní kí n tún orúkọ náà kọ.

"Rárá, sà. Bí ọmọ bá lé ìyá bá, bàbá kan á di méjì, àwọn èèyàn á sì ní olè ni bàbá."

"Kí wọ́n padà wá lọ́la nígbà náà."

Lọ́la, nígbà tí ọkọ̀ ti lọ! Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo kó o lé itan.

"Ẹni tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ara ìyá ni kí wọ́n ti ka tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò kọ ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ìyá Ìbejì, orí kunkun yín yìí pọ̀."

"Ó pọ̀, sà."

Ìlà ò sún. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jẹ́ kí òkú gba àgbàdo rẹ̀ jàre!" Bàbá gan-an rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló yí ibi tí fèrèsé kejì ti ń ka orúkọ sí ara ìyá. Orúkọ bàbá yọ. Ọmọbìnrin náà gbé àpò irúgbìn síwájú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Sọ ohun tí o rí ná."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ wà, bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Títí dòní, ẹni tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ara ìyá la ti ń ka tirẹ̀. Ọ̀gá ṣì ń sọ pé ó ń kó àárẹ̀ bá ìyá. Kó rẹ̀ ẹ́.