Gbòǹgbò Tó Wà Nínú Kànga

Kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, má bá mi tún un ṣe. Inú ń bí mi.

Igi irúgbá tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ifẹ̀ yìí, ìdí rẹ̀ ni wọ́n sin gbogbo ibi tó bá àwọn ọmọ mi wáyé sí. Ti ìyá rẹ náà wà níbẹ̀. Èso rẹ̀ ni mo fi ń ṣe irú tí mo ń tà ní Sábó.

Nígbà tí ọ̀dá dá lọ́dún tó kọjá, igi náà wọ́wé pátápátá. Mo ń wa kókò lábẹ́ rẹ̀, mo rí i pé àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó wà lókè ti gbẹ bí òwú. Mi ò kọminú. Bó ti ń ṣe nìyẹn látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Á jẹ́ kí ti òkè kú, á wá rán ti ìsàlẹ̀ lọ wá omi. Bí òjò bá dé, àwọn wẹ́wẹ́ á tún hù.

Kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà gbẹ. Ni àbúrò ọkọ mi bá pe agbẹ́kànga wá láti Ẹdúnàbọ̀n. Ọkọ Mi Kékeré ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, torí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, bí ẹni náà tilẹ̀ ń rákòrò nígbà tí ìyàwó wọlé.

Agbẹ́kànga kígbe láti ìsàlẹ̀: "Ẹ̀yin ará òkè! Gbòǹgbò kan wà níbí o, ó tó itan mi!"

Ọkọ Mi Kékeré pàtẹ́wọ́. "Olè tó ń mu omi wa rèé! Gé e!"

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Òun ló di ògiri kànga yẹn mú."

"Ìyàwó, ṣé igi ni kó mu omi ni, àbí èèyàn?"

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Ó ní kò burú, òun ti gbọ́. Mo gbé irú mi, mo gba Sábó lọ. Nígbà tí mo fi máa dé, gbòǹgbò náà ti wà nílẹ̀ gbọọrọ bí ejò tí wọ́n pa. Omi kò sì sun, ẹ̀kán kan báyìí kò yọ.

Òjò wá rọ̀, ògiri kànga wó lulẹ̀. Igi náà rúwé lápá kan. Apá tó kọjú sí kànga gbẹ gan-an, kò so nǹkan kan.

Lánàá, Ọkọ Mi Kékeré yọrí lójú fèrèsé, ó ń bèèrè irú tí mo máa ń bù fún un lọ́dọọdún: "Ìyàwó, irú mi dà?"

Mi ò kúnlẹ̀. Mo nàró ṣánṣán, mo wò ó lójú.

"Ẹ lọ bù ú nínú kànga."