Àga Bàbá Lọ́nà Àpótí Ìbò

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò tíì já lẹ́nu ọmú lọ́dún tí a dìbò alága káńsù tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba káàdì ìdìbò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí wọ́n á sọ fún yín pé ìbò yẹn lọ nírọ̀wọ́rọsẹ̀.

Abúlé ọkọ mi kò jìnnà sí Olódò. Ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan ni mò ń bá polongo, ibi tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ni mo sì ti ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí tíṣà wa kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì fún wọn: pé ààrẹ Amẹ́ríkà kan wà láyé ọjọ́un tí ogun abẹ́lé jà lójú rẹ̀. Ibi tí wọ́n sin àwọn ọmọ ogun sí ló ti dìde sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ènìyàn ló ni ìjọba, àwọn ló ń ṣe é, nítorí tiwọn ni a sì fi ń ṣe é.

Ìyá àgbà kan bi mí bóyá ààrẹ náà níyàwó. Mo ní ó ní.

"Ṣé ó jẹ́ kíyàwó ẹ̀ dìbò?"

Tíṣà kò kọ́ wa níyẹn.

Kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti détí Mọ́gàjí, olórí agboolé wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Wọn kò bínú. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ lórí ìkúnlẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ni Bàbá wí. "Àwọn ènìyàn ló nìjọba. Ta ló wá ni àwọn ènìyàn?"

Bàbá nàka sí mi.

"Ìwọ tó o kúnlẹ̀ yìí, ta ló ni ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ fọ́mọ lọ́mú."

Kí ni ǹ bá sọ? Ilé tí mò ń sùn, ilẹ̀ tí ọkọ mi ń dáko sí, ọwọ́ Bàbá ló wà. Bí wọ́n bá lé mi, ọmọ kò ní bá mi lọ.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Bàbá gbé àga wọn sójú ọ̀nà tí a ń gbà lọ sídìí àpótí lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ka tán. Agboolé wa nìkan ló ń dìbò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kọjá lára Bàbá láìkí wọn. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Níbẹ̀ ni Bàbá á ti nawọ́, a ó ṣí ìwé ìbò wa hàn wọ́n, wọn á ní kí a dìde. Wọn kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá pàápàá tẹríba kí wọn. Ta lo fẹ́ fẹjọ́ sùn pé o kí àgbà?

Ó kàn mí. Mo ti tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ wa. Mo rò ó pé kí n gbẹ̀yìn àga kọjá, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí èrò náà tó parí. Ọkọ mi ń wolẹ̀ lórí ìlà.

Mo ṣí i. Bàbá wò ó pẹ́.

"Ìyàwó Amẹ́ríkà," ni wọ́n wí, "dìde, lọ jù ú sínú àpótí."

Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń ka ìbò ni gbogbo wa ń kà á tẹ̀lé wọn sókè. Ti ẹgbẹ́ Bàbá ń lọ súà. Ó wá kan tiwa: ení, èjì, ẹ̀ta, ó tán. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, torí mo ti rò pé ẹyọ kan tèmi nìkan la ó rí. Mo bi ọkọ mi lálẹ́ bóyá ó wà lára àwọn méjì tó kù. Ó ní kí n jẹ́ kóun sùn.

A kò wọlé. Wọn kò lé mi, mo ka ìyẹn sí èrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dúró tì mí nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ mọ́. Ìjọba ṣì jẹ wá ní àpótí tí ẹnikẹ́ni kò jókòó síwájú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí kò mọ ibi tí èkejì rẹ̀ wà ńkọ́?

Láràárọ̀, bí a bá pé jọ kí Bàbá, mo máa ń yọ́jú wo àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì mi. Bàbá mọ àwọn méjì tó bá mi dìbò fún ẹgbẹ́ wa. Èmi ni n kò mọ̀ wọ́n.