Láfún Inú Radiétọ̀

Bí ẹ bá dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí ẹ bèèrè Bàbá Ọláṣẹ́gun, wọn óò kọ́kọ́ bi yín pé, "Ṣé ẹni tó ni mọ́tò tí kì í dún?" Adéwọ̀yìn ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó pẹ́ ní Abíjàn kó tó padà wálé wá gbin ẹ̀gẹ́, mọ́tò náà ló sì wà bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń mu epo, tó tún ń fi bátìrì rìn. Bó bá ti bọ́ sórí bátìrì, ewúrẹ́ kì í gbọ́ ọ. Bàbá a yọ orí síta, a máa bẹ ewúrẹ́ bí ẹni ń bẹ àna. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó lágídí.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Kàdíjà ìyàwó rẹ̀, ọmọ Èjìgbò ni, Mùsùlùmí òdodo. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Abíjàn, ó ní òun ò lè gbé oko, àfi bí ọkọ òun bá ń gbé òun lọ kírun Jímọ̀ láàárín àwọn èèyàn òun. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gun ọ̀kadà. Bàbá gbà, òun tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Jímọ̀ kan kì í yẹ̀, a gbé e lọ, a jókòó sábẹ́ igi títí wọn óò fi kírun tán. Bí mọ́tò bá kú, àdéhùn kú nìyẹn, Kàdíjà á sì padà sí Èjìgbò. Ohun tó ń ba Bàbá lẹ́rù nìyẹn.

Nígbà tí omi radiétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ṣebí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló yẹ kó lọ? Ó tì o. Ó ní ihò kékeré ni. Ẹ̀bà ni ìyá rẹ̀ fi ń lẹ korobá tó bá ń jò, kí ni radiétọ̀ fi ju korobá lọ? Ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu láfún Kàdíjà, ó pò ó mọ́ omi, ó dà á sínú radiétọ̀. "Ça va aller," ó ní, bí àwọn ará Abíjàn ṣe ń sọ pé yóò dáa. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Bàbá yìí!

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó wọ Èjìgbò, iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná tàn níwájú rẹ̀. Kò dúró. Bátìrì ṣáà ń wọ́ wọn lọ, Kàdíjà sì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí èéfín funfun bò wọ́n.

Ní Èjìgbò, Mùhámmẹ́dù mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì. Gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, ìyẹn àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi àti iná pàdé, ti jó. Ó ki ọwọ́ bọ radiétọ̀, ó fa nǹkan kíki kan jáde, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ dà síbí?"

Bàbá ì bá purọ́, ṣùgbọ́n Kàdíjà ń wò ó.

"Láfún ni. Mi ò fẹ́ kí Jímọ̀ bọ́ mọ́ Kàdíjà lọ́wọ́."

Mùhámmẹ́dù rẹ́rìn-ín títí. Kàdíjà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wọn óò gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sí Òṣogbo láti fá a kó tẹ́jú, wọn ò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ jáde: "Dúró lọ́dọ̀ Ummuhani àbúrò rẹ. Èmi ni mo ba àdéhùn jẹ́."

Ó dá gun ọ̀kadà padà. Ilé fẹ̀ jù fún un. Ó sebẹ̀, ọbẹ̀ jóná, ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí Jímọ̀ tún pé, ó lọ kí ìyàwó rẹ̀. Ummuhani ya ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ̀yin rèé? Àǹtí mi ti gun ọ̀kadà láti àárọ̀, wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín làwọn ń lọ."

Ẹsẹ̀ Bàbá kò balẹ̀. Nígbà tó délé, Kàdíjà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti wú. Bàbá fẹ́ bínú, omijé ni kò jẹ́.

"Kàdíjà, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni? Jímọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti kírun àyìlà tọ̀sán nínú yàrá. Ẹ jókòó, Bàbá Ọláṣẹ́gun. Ọlọ́run tó ń gbọ́ ní Èjìgbò ń gbọ́ níbí náà."