Káàdì Tá A Dúró Dè ní Kétu

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ gọ́ọ̀fù nínú àwa méjèèjì. Kí ọkọ mi tó di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, èmi ti ń gbé báàgì fáwọn olówó ní pápá kan lọ́nà Ìkẹjà. Àfẹ̀mọ́jú ni mo ti ń kúrò ní Alápẹ̀rẹ̀. Òun náà ń gbé báàgì níbẹ̀. Ibẹ̀ la ti pàdé, ibẹ̀ la ti jà, ibẹ̀ náà la ti gbà láti fẹ́ra.

Nígbà yẹn, ojú ibi tí ihò wà ní pápá wa kì í ṣe koríko. Yanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ni, bíráùn la máa ń pè é. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú ẹsẹ̀ yín á hàn síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ta gọ́ọ̀fù tó rọra ti bọ́ọ̀lù sí ihò, agbébáàgì ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìgbálẹ̀ kó gbá ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa gbà, kó lè jọ̀lọ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù nìyẹn. Nígbà tí ọkọ mi fi báàgì gbígbé sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ̀gá figa gbága, èmi ló mú ṣe agbébáàgì ẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Á kàn yíjú sí mi, màá gbá ojú ọ̀nà, á ti bọ́ọ̀lù, ó parí. Kódà nígbà tí wọ́n gbin koríko sí gbogbo pápá, ó ṣì ń yíjú. Mo wá ń fọwọ́ gbá ewé àti yanrìn tí atẹ́gùn bá fẹ́ sójú ọ̀nà kúrò, nítorí òfin gba ìyẹn láyè.

Ó lọ Tógò, ó lọ Gánà, ó lọ Kẹ́ńyà. Òun nìkan ló ń lọ, ará ibẹ̀ ló sì máa ń gbé báàgì fún un. Ó gba ife wá sílé láti Gánà, a gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Tó bá wà nílé, àgbàlá ilé iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù bàbá rẹ̀ ní Ìkòsí ló ti ń dánra wò. Ó ta tapólìn àtijọ́ kan mọ́ ògiri, á máa lu bọ́ọ̀lù mọ́ ọn láti àárọ̀ títí táwọn aládùúgbò fi máa pariwo. Ó fọ́ fèrèsé ilé kejì lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo lọ bẹ̀bẹ̀.

Bàbá rẹ̀ yìí, Dádì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ẹnu wọn mú bí abẹ. Ọkọ mi nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí, apá wọn ò sì ká iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri Ìkòsí ni pé, “Gbogbo ọmọ aráyé ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ, ọmọ tèmi ń wá bọ́ọ̀lù kiri inú koríko.”

Ìdíje ńlá kan wà ní Gúúsù Áfíríkà tó máa ń lọ yí ká orílẹ̀-èdè tó pọ̀ láàárín ọdún. Tó ò bá ní káàdì wọn, o ò lè wọ̀ ọ́. Ìdánwò ni wọ́n fi ń gba káàdì náà: ẹ máa ta gọ́ọ̀fù fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó bá ṣe dáadáa jù láá gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lọkọ mi ti lọ tó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Lọ́tẹ̀ kẹta, Dádì pè wá sí pálọ̀.

“Máa lọ,” wọ́n ní. “Àmọ́ tí wọn ò bá fún ẹ ní káàdì yìí, ìdí ẹ̀rọ bulọ́ọ̀kù lo máa dúró sí tó o bá dé. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ gọ́ọ̀fù nínú ilé yìí mọ́ títí ilẹ̀ á fi gbà mí. Ṣé o gbọ́?”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. “Mo gbọ́, sà. Mo gbà.”

Inú bí mi, ó kù díẹ̀ kí n fọ́ nǹkan. Ta ló ní kó gbà? Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé tóun bá ti gbà, òun ti gbà nìyẹn. Ọkùnrin yẹn kì í yẹ àdéhùn, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. A ti jọ pinnu pé èmi ni màá tẹ̀ lé e lọ́tẹ̀ yìí láti gbé báàgì, àmọ́ oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, dókítà ní kí n má dán an wò.

Lọ́jọ́ tí ìdánwò parí, mo gbé ikùn mi lọ sí sáíbà kàfé kan ní Kétu, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí títì Ìkòròdú. Ìyá ọkọ mi, Mọ́mì, tẹ̀ lé mi. Kò pẹ́ sígbà tá a jókòó ni Dádì náà wọlé. Wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Ta ló ń kọjá lọ tó gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì? Ojú kọ̀m̀pútà ni mo ń wò.

Orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ìgbà tí ẹni náà fi lu bọ́ọ̀lù kọjá iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ìlà pupa kan la ojú ìwé náà kọjá: ẹni tó bá wà lókè ìlà gba káàdì, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó di ilé. Orí méjì ni ìlà yẹn dúró sí. Tọkọ mi jẹ́ òdo nígbà tá a dé. Nígbà tó ṣe, ó di ení. Mọ́mì pàtẹ́wọ́.

“Ó ti ń gòkè! Ẹ ṣeun, Olúwa!”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́. Tó bá ń gòkè, ó ń bàjẹ́ ni. Ẹni tó lu bọ́ọ̀lù níwọ̀nba ló ń borí.”

Mọ́mì rọra ká ọwọ́ náà sórí itan. Ihò kan ló kù fún ọkọ mi. Mo ní kí kọ̀m̀pútà tún ojú ìwé náà ṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, pàá, wọ́n mú iná lọ.

“Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ yẹn jàre!” Ta ló pariwo bẹ́ẹ̀? Dádì ni. Gbogbo àwọn tó wà nínú kàfé yíjú wò wọ́n. Wọ́n ti bọ́ fìlà, wọ́n ń lọ́ ọ mọ́wọ́ bí ẹní ń fún aṣọ tútù.

Ọ̀gá tó ni kàfé fa okùn jẹnẹrétọ̀, fàà, kò dún. Ó tún fà á. Ọmọ inú mi ń ta gìrìgìrì. Nígbà tí iná máa padà dé tí kọ̀m̀pútà máa tàn, òógùn ti bò mí. Ojú ìwé ṣí. Ọkọ mi ti parí, orí ení ló parí sí. Ó wà lókè ìlà.

“Ó gbà á?” Dádì bi mí.

“Ó gbà á, sà!”

Mọ́mì bú sẹ́kún. Dádì jókòó, wọ́n fi fìlà nu ojú. Mo ní kí ọ̀gá kàfé bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí n lè mú un délé. Ó tún ojú ìwé náà ṣí kó lè tẹ̀ ẹ́. Mo wá orúkọ ọkọ mi, mi ò rí i níbi tó wà. Mo wo ìsàlẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìlà, ẹẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

“Kí lẹ ṣe sí kọ̀m̀pútà yìí?”

“Aunty, kọ̀m̀pútà ò mọ gọ́ọ̀fù. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló gbé wá.”

Mo fẹ́ bá a jà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé fóònù mi dún. Ọkọ mi ni.

“Mo gbá ìrì,” ló wí.

“O gbá kí ni?”

“Ìrì. Ní ihò kejì, láàárọ̀. Ìrì bo gbogbo koríko, ó funfun. Àyà mi ń já. Mo yíjú pé kó o wá gbá ojú ọ̀nà fún mi, mi ò rí ẹ. Ẹsẹ̀ mi ti gbá a lọ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ewé àti yanrìn ni òfin ní ká kó kúrò. Ìrì kì í ṣe ara wọn, ẹni tó bá fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ nù ún lójú ọ̀nà, méjì ni wọ́n máa fi kún tiẹ̀.

“Ta ló rí ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó rí mi.”

“Agbébáàgì ẹ ńkọ́?”

“Bọ́ọ̀lù ló ń nù. Ẹni tá a jọ ń ta á kẹ̀yìn sí mi.”

“Ta ló wá sọ fún wọn?”

“Èmi ni. Kí n tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà mi sí, mo sọ fún wọn.”

Hẹ̀n! Orí mi gbóná. Mo sọ̀rọ̀ tí ìyàwó ò gbọ́dọ̀ sọ sí ọkọ níwájú àna. Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé? Ìrì tí oòrùn ti lá gbẹ! Ìrì tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wá a báyìí, wọn ò lè rí i! Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo gbé e láti ihò kejì dé ihò tó kẹ́yìn,” ló wí. “Ó wúwo ju báàgì lọ. Bá mi sọ fún Dádì pé mò ń bọ̀ wá bá wọn ní ìdí ẹ̀rọ.”

Mo gbé fóònù kúrò létí. Dádì ń wò mí. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, mo sì ń retí èébú.

“Ṣé ẹnikẹ́ni rí i?” wọ́n béèrè.

“Rárá, sà.”

“Òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n wo ojú kọ̀m̀pútà náà pẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀wé kà. Wọ́n wá na ọwọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ ọmọ yìí,” wọ́n ní. “Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe é?”

Mi ò gbọ́ ohun tí ọkọ mi fi dáhùn. Mo kàn gbọ́ tó ń sunkún nínú fóònù. Dádì dá fóònù padà fún mi, wọ́n dé fìlà wọn.

“Ìyàwó, tó o bá ti bímọ, Mọ́mì máa bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Lọ́tẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni kó o lọ gbé báàgì yẹn.”

“Ẹ ṣeun, sà,” mo ní, mo sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn mi. Mi ò lè sọ fún wọn pé ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, màá gbá ìrì náà, màá sì panu mọ́.