Ajá Tó Sùn Ti Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi

Òórùn òrí àti ti ajá tí òjò pa ni mo fi ń rántí ọdún 1972, nígbà tí à ń gbé yàrá méjì ní Ajégúnlẹ̀, tí mo sì ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, ní Àpápá. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń sọdá títì: kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó tún wo ọ̀tún. Mo jẹ́ kó mọ̀ ọ́n sórí bí Àdúrà Olúwa. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Mo kọ́ ọ ní ti tuntun, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni mo ti kọ́ ọ dáadáa jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní Malu Road, ó wo ọ̀tún, alùpùpù sì gba apá òsì wá kọ lù ú. Eegun ojúgun rẹ̀ dá sí méjì.

Ìyàwó mi ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Èmi tí mo jáde ní girama janpata díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn pa mí lẹ́nu mọ́. Bàbá náà to eegun ọmọ, ó fi ọparun lílà dè é, lẹ́yìn náà ó ní kí a mú àgbébọ̀ adìẹ kan wá. Ó dá ẹsẹ̀ adìẹ náà níṣojú mi, ó tò ó, ó sì fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ àti àkísà dè é bíi ti ọmọ gẹ́lẹ́.

Ó ní, “Ọjọ́ tí adìẹ yìí bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọjọ́ náà lọmọ yín máa dìde. Ẹ má jẹ́ kó kú, ẹ má sì jẹ́ kó sọnù.”

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi di ẹni tó gbà á gbọ́ jù nílé. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń yẹ adìẹ náà wò nínú apẹ̀rẹ̀, tí mo sì ń kọ bó ṣe ṣe sínú ìwé.

Bíngò, ajá pupa tí mẹ́gàádì ibi iṣẹ́ wa fún ọmọ mi, kò kúrò lórí ẹní rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí a dè ló ń sùn sí. Tí bàbá bá wá tú ọparun láti fi òrí gbígbóná ra ẹsẹ̀ náà, etí Bíngò lọmọ mi ń dì mú. Tó bá fún un jù, ajá náà á kùn díẹ̀, kò ní yẹra. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti wọlé, màá ní, “Ṣé ó ń dùn ẹ́? Níbo gan-an?” títí ẹkún á fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí bí Bíngò ṣe ń wo apẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá apẹ̀rẹ̀ ní dídojúdé. Ọparun adìẹ wà nílẹ̀, adìẹ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Bíngò sì ń jẹ àkísà tí a fi dè é. Lójú mi, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni ajá yẹn jẹ.

Ọmọ mi ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo sùn lọ ni. Ṣùgbọ́n Bíngò ò jẹ ẹ́.”

Mo so okùn mọ́ ajá náà lọ́rùn, mo wọ́ ọ padà fún mẹ́gàádì.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, omi ògì nìkan ló ń mu. Nígbà tí bàbá ń ra ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan dì mú, ó gé ètè ara rẹ̀ jẹ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá béèrè adìẹ. Mo purọ́ pé ó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rù ohun tó lè sọ ló ń bà mí. Ó pè mí síta.

Ó ní, “Eegun ti so. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fẹ́ dìde, èmi ò ní ewé rẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá aláàkàrà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa kan ilẹ̀kùn.

“Bàbá ọmọ, ẹ wá gbé adìẹ yín. Ó yé sẹ́yìn igi ìdáná mi, n ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń tú ẹ̀wà mi ká.”

“Ẹsẹ̀ mélòó?”

“Mélòó ni adìẹ ń ní, akọ̀wé?”

Mo lọ wò ó. Ó fi òsì ha ilẹ̀, ó fi ọ̀tún ha á. Ó ti bọ́ ọparun rẹ̀ dànù, ó sì ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nílé mi. Àkísà nìkan ló kan Bíngò.

Nígbà tí mo dé Warehouse Road, mẹ́gàádì ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ gba ajá yín. Kò ṣọ́ ẹrù kankan fún mi. Ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ ló ń ṣọ́.”

Mo mú Bíngò wálé. Lọ́jọ́ yẹn náà ni bàbá tú ọparun kúrò pátápátá. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ mi, ó ní rárá. Ó gbé ọwọ́ lé Bíngò lẹ́yìn, ó dìde, ó ń gbọ̀n. Mo fẹ́ sáré dì í mú. Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo sì fún wọn pọ̀ títí ọmọ mi fi rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin dé ẹnu ọ̀nà. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá ọmọ mẹ́ta ni ọmọ mi lónìí. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé mi, mo ṣì máa ń dúró nísàlẹ̀, tí mo ń gbìyànjú kí n má pariwo pé kó rọra. Ọwọ́ mi á ti ká sẹ́yìn fúnra rẹ̀.