Ọmọ Àrọ̀ Inú Ìgò Súìtì

Ẹ má bi mí pé kí ni ẹja ń wá nínú yàrá bàbá ọkọ mi. Gbogbo àdúgbò ló ti bi mí ní ìbéèrè yẹn ní Kàbà nígbà náà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, mo sì ti dá wọn lóhùn bó ṣe wù mí. Ẹnu mi mú nígbà yẹn, kò sì tíì kú títí di òní.

Ọkọ mi wà ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ti ń lọ wa kùsà, irin inú ilẹ̀ tí òyìnbó ń kó. Ó wálé wá sin ìyá rẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ojú bàbá ti fọ́ tipẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣe ojú fún wọn, tó ń sọ fún wọn pé òjò ti ṣú, tàbí pé ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà yìí, onígbèéraga ni, kí wọ́n má tètè dá a lóhùn bó bá kí wọn ní "okun".

Nígbà tí ìyá kú, bàbá kò sunkún. Oúnjẹ ni wọ́n kọ̀. Mo máa gún iyán kó kúnná, mo máa se ẹ̀gúsí, mo máa gbé e síwájú wọn. Wọ́n á fi ìka kan án, wọ́n á ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Gbé e kúrò." Egungun èjìká wọn wá ń yọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí bàbá yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi ní Ìyámoyè, ìlú tiwa, ìyàwó kì í fi oúnjẹ kan ẹnu kí bàbá ọkọ rẹ̀ tó jẹun. Bí bàbá bá ti ní kí n gbé tiwọn kúrò, èmi náà á fi ìdérí bo tèmi. Omi ni mo máa ń mu sùn. Oyún sì ti wà nínú mi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń lọ bì ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń rọra ṣe é kí wọ́n má baà sọ mí dẹni àpéwò.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ fọ aṣọ lódò. Omi ti fà, ó fi kòtò kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, àwọn ọmọ àrọ̀ sì há sínú rẹ̀. Wọn ò ju abẹ́rẹ́ lọ, dúdú báyìí, pẹ̀lú irùngbọ̀n wọn bí àgbà. Bí oòrùn bá tún mú díẹ̀ sí i, wọ́n ti kú nìyẹn. Àánú wọn ṣe mí, mo fi igbá bù wọ́n. Mo tọrọ ìgò lọ́wọ́ àlàájì tó ní kántíìnì lọ́nà ọjà, ìgò ńlá tí súìtì ti tán nínú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi tọ́mọ ni. Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e fún mi.

N kò ro bàbá mọ́ ọn rárá. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni mo gbé ìgò sí nítorí pé ewúrẹ́ kì í débẹ̀. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ alẹ́ wọlé, mo bá wọn tí wọ́n gbé etí ti ìgò.

"Kí ló ń mí níbí?"

Àrọ̀ ò dà bí ẹja yòókù. Ó máa ń yọ ẹnu sókè láti gbé afẹ́fẹ́ mì, omi á sì dún díẹ̀. Èmi tí mo lójú, n ò gbọ́ ọ. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ara ìgò, àwọn ọmọ ẹja sì wá ń fi imú gbá ibi tí ọwọ́ wọn wà. Ojú bàbá tú ká.

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lórí. Mo ní, "Wọn ò tíì jẹun, Bàbá. Èérún iyán yín ni wọ́n máa jẹ. Bí ẹ ò bá jẹun, kò sí èérún."

Wọ́n fi ọwọ́ pa ara ìgò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bu omi wá, kí àwọn fọwọ́. Òkèlè díẹ̀ ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Èmi sáré lọ sí ilé ìdáná, mo sì jẹ tèmi lórí ìdúró.

Bó ṣe di tojoojúmọ́ nìyẹn. Ká sọ òótọ́, iyán kọ́ ló tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà. Tanwíji tí mo ń bù nínú ìkòkò àtijọ́ lẹ́yìn ilé ni, àti ikán. Iyán bàbá kàn ń mú omi rùn ni, èmi ni mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo máa ń kùn pé, "Bàbá, ẹ̀ ń bọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ roko." Wọ́n á ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ọmọdé ni wọ́n.

Nígbà tó yá, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo rò pé ológbò ni, mo ti fi ìgbálẹ̀ lé ológbò aláìṣẹ̀ kan jáde kí n tó rí ìrù ọmọ ẹja lẹ́nu èyí tó tóbi jù nínú wọn. Inú bí mi. Mo jókòó síwájú ìgò, mo bú ẹja náà. Mo ní ọ̀kánjúà ni ọ́, aláìlójútì, àbúrò rẹ lo ń jẹ yẹn, ṣé ebi ni mo fi ń pa ọ́ nínú ilé yìí? Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo yíjú, bàbá ló ń rẹ́rìn-ín.

"Bú u dáadáa," ni wọ́n wí. "Bí ìyá ilé yìí ṣe máa ń bú mi gan-an nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, omijé náà kò sì dá bọ̀rọ̀. Èmi náà jókòó tì wọ́n.

Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kánjúà náà. Ó dàgbà la ọyẹ́ já. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa fi rọ̀, kò lè yí padà nínú ìgò mọ́, ikùn tèmi náà sì ti yọ síta. Obìnrin kan lágboolé ní kí n fi ata àti iyọ̀ sè é, pé ó dára fún aboyún. Bàbá bi í bóyá ọmọ tiẹ̀ náà ti tó sè. Bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí páànù, ẹja ń forí gbá ìgò, kò sinmi.

"Ó gbọ́ òjò," ni bàbá wí. "Gbé e lọ sílé rẹ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n fi ìkòkò ńlá rọ́pò ìgò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a sì jọ lọ sódò, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jáde látìgbà ìsìnkú. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, ẹja náà gba àárín ìka wọn kọjá, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi wúwo lórí odó. Ẹja tí mo fi ń tan bàbá jẹun ti lọ, kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe é? Mo gbé iyán síwájú wọn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí "gbé e kúrò". Wọ́n fọwọ́, wọ́n bu òkèlè, wọ́n gbé e mì. Wọ́n tún bu òmíràn. N ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kí ló dé, ìyàwó?"

"Mo rò pé ẹ ò ní jẹun ni, Bàbá. Ẹja ti lọ."

"Ṣé torí ẹja ni mo ṣe ń jẹun?" Wọ́n dá ọwọ́ dúró. "Mo ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ti kọ oúnjẹ, n kì í gbọ́ kí o ṣí ìdérí ìkòkò nílé ìdáná. Omi nìkan ni mo ń gbọ́ tí ò ń mu. Láàárọ̀, mo tún ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ǹ bá ti tẹ̀ lé ìyá yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjì ni mò ń febi pa. N ò sì mọ bí mo ṣe máa yí ọ̀rọ̀ mi padà, kí o tó gbé ẹja dé."

Wọ́n fi ọwọ́ tẹ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí ìgò máa ń wà.

"Lọ bu tìrẹ wá. Ibí ni kí o ti jẹ ẹ́, kí n máa gbọ́."

Mo lọ bu tèmi. Mo jókòó ti bàbá ọkọ mi, ohun tí ìyá mi ò kọ́ mi, mo sì ń jẹun. Wọ́n gbé etí sí mi títí abọ́ fi mọ́.