Bàbá Ẹ-Má-Bínú ní Gẹ́sìtì Alhaja Ràfátù

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Oyètúndé ni ti ìdájí Sátidé kan ní gẹ́sìtì Alhaja Ràfátù, lẹ́yìn ilé ọkọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Àwọn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá kan, lórí bẹ́ẹ̀dì onípele méjì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti Ìlémọnà, wọ́n ń lọ gbàdúrà lórí Òkè Àánú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó sì ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Gbogbo wọn ń sùn fọnfọn nígbà tí Bàbá dìde, tó yọ bàtà sọ́wọ́, tó ń yọ́ rìn bí ológbò. Ó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, ó rọra fọwọ́ gbá ẹni tó wà níbẹ̀ léjìká.

"Ẹ má bínú o. Mo fẹ́ jáde lọ tọ̀ ni. Mo ní kí n sọ fún yín pé màá rọra rìn, kí n má baà jí yín."

"Ẹ̀n?"

"Ẹ máa sùn lọ, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn." Ó bá kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Kó tó yí wọn ká tán, kò sẹ́ni tí oorun kù lójú ẹ̀. Ó jáde, ó tọ̀, ó padà wọlé, ó tún yí wọn ká láti dúpẹ́ pé wọ́n fara dà á. Ràímì, ayálégbé Alhaja tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, tó ń dá gbé yàrá tiẹ̀ lọ́tọ̀, ló jẹ́ ìkẹyìn. Bàbá lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ gbàgbàgbà. Ó ní ògiri ilé yẹn fẹ́lẹ́, kò ní dáa kí òun má sọ fún un.

Káfíńtà ni Bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì, ó gùn, ó tín-ín-rín, fìlà ẹ̀ kì í dúró lójú kan. Tí ẹ bá fẹ́ kó yọ̀ títí dalẹ́, ẹ sọ fún un pé àlejò rere ni. "Láyé mi," á na ìka sókè, "kò tíì sílé tí mo sùn tí wọ́n ní kí n má padà wá."

Òfin gẹ́sìtì ni pé kí kálukú tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kó tó lọ. Bàbá á tẹ́ tiẹ̀, á tún tẹ́ ti gbogbo ayé mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó tẹ́ ti Láńrewájú, olórí àwọn tó ń rìn lọ sórí òkè yẹn. Ó fa ṣíìtì ẹ̀ le pinpin, ó ki etí ẹ̀ sábẹ́ fóòmù yíká. Ó dùn-ún wò, àfi pé Láńrewájú ṣì wà nínú ẹ̀.

Omi ńkọ́? Alhaja ní kí wọ́n má fi omi ṣòfò, nítorí iná ò sí láti fi fa omi. Bàbá fi omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo wẹ̀, ó sì tún ṣẹ́ ìdajì ẹ̀ kù fún ẹni tó kàn. Ó jáde síta, ọṣẹ funfun báláú ní etí ẹ̀ méjèèjì, ó ń kí gbogbo èèyàn, kò sì gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n fi dá a lóhùn.

Àfi ọjọ́ tí Alhaja ń kírun Alásárì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́run ló mọ bí ilé ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ tó tẹ́lẹ̀. Ni Bàbá bá fi igbe ta láti ìdí kànga:

"Ẹ dákẹ́ o! Alhaja ń kírun! Ẹ̀yin adìyẹ wọ̀nyí, ṣé ẹ ò rí i pé Alhaja ń kírun ni?"

Alhaja ò mọ rákà tó wà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ o!" ni Bàbá tún ké. "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Èyí tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni ti ẹja gbígbẹ. Bàbá ò fẹ́ kí òórùn ẹja ẹ̀ gba yàrá kan, ó bá gbé abọ́ jáde, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Àwọn tó ń kọjá rò pé oníbárà ni. Ẹnì kan ju búrẹ́dì sí i, òmíràn fún un ní ọsàn. Bàbá ò fẹ́ já wọn kulẹ̀, ó ń gbà á, ó ń ṣàdúrà fún wọn. Nígbà tí Alhaja fi máa jáde, gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé ó ń fi ebi pa bàbá arúgbó.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Alhaja sọ fún Láńrewájú. Ràímì ti ń halẹ̀ pé òun máa kó lọ, àwọn onímọ́tò tó máa ń sùn níbẹ̀ sì ti ń yà sí gẹ́sìtì iwájú. "Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá ibòmíì fún bàbá yẹn."

"Alhaja, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Ẹ mọ bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ àlejò yangàn. Ó lè pa á o!"

"Èmi gan-an ló máa kọ́kọ́ pa!"

Ọdún yí po, wọ́n dé. Bàbá ń tiro bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, ẹ̀rín gba ẹnu ẹ̀. Alhaja ò jẹ́ kó kí òun tán kó tó sọ̀rọ̀, torí ó mọ̀ pé tó bá kí òun tán, àánú ẹ̀ á ṣe òun.

"Bàbá, ẹ ò ní lè sùn síbí mọ́."

Bàbá dúró. Ẹ̀rín yẹn rọra kúrò lójú ẹ̀. Ó tún fìlà ẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣeun, Alhaja, tẹ́ ẹ tètè sọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ dágbére fáwọn èèyàn, kí wọ́n má baà ní mo lọ láì kí wọn."

Ó bá bẹ̀rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. "Mo ṣẹ̀ yín ni mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n má padà wá. Ó dàbọ̀ o." Onímọ́tò kan tí kò rí i rí láyé, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn náà sì dárí jì í. Ó dé ọ̀dọ̀ Ràímì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ràímì, ọmọ àná lójú ẹ̀, pariwo, ó sá gun orí bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi tú jáde sí àgbàlá, Ràímì ló ṣíwájú.

"Alhaja, ẹ foríji bàbá yìí."

"Ràímì! Ṣé ìwọ kọ́ lo ní wàá kó lọ ni?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, màá kó lọ lónìí ni."

Alhaja wo Bàbá. Báàgì ẹ̀ wà léjìká, ó ń gbá ibi tó dúró sí mọ́ kó tó lọ. Ọkàn Alhaja yọ́.

"Ẹ sọ báàgì yẹn kalẹ̀. Ẹ̀yin kì í ṣe àlejò mọ́. Ará ilé ni yín láti òní lọ. Pálọ̀ mi lẹ ó máa sùn sí, ẹ ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Bàbá gbà, ó sì pa àṣẹ mọ́. Kò tọrọ àforíjì mọ́ o. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, ẹ gbọ́ kó, kó, kó lára ilẹ̀kùn, láti yàrá dé yàrá. Ará ilé tuntun ló ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò ẹ̀ bóyá wọ́n sùn dáadáa.

Bó ṣe ṣe é fún ọdún mélòó kan nìyẹn, kí àìsàn ránpẹ́ tó mú un lọ. Alhaja wọ kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì, ó wọ ọkọ̀ dé Ìlémọnà lọ síbi ìsìnkú. Léèsì aláwọ̀ omi aró ló wọ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ sáàárín àwọn àlejò lábẹ́ kánópì. Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ Bàbá tó jẹ́ obìnrin, ló rí i.

"Alhaja ti Ọ̀fà! Kí lẹ wá ń ṣe láàárín àlejò? Bàbá ní ilé wọn ni ilé yín. Ẹ dìde jàre, ọwọ́ ò tó níbí."

Kí Alhaja tó lanu, ó ti wà nídìí ìkòkò lẹ́yìnkùlé, síbí ńlá lọ́wọ́ ẹ̀, òróró ń ta sí léèsì. Ó ń bu ìrẹsì, ó ń kùn, ó tún ń bu ú. Obìnrin kan tó wá gba oúnjẹ wò ó títí.

"Mà, ẹ̀yin nìkan ni mi ò dá mọ̀ nínú ẹbí yìí. Kí ni Bàbá jẹ́ sí yín?"

Ó ti fẹ́ sọ pé oníbàárà òun ni. Ó kọ́kọ́ bu ìrẹsì.

"Bàbá ilé wa ni," ni Alhaja wí, ó sì bu ẹran méjì kún ti obìnrin náà.